Ẹ bá mi wo owó fàdákà àtijọ́ mẹ́ta yìí: ti Róòmù ni àbí ayédèrú?

Àdùnní Lincoln

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra agolo bísíkíìtì kan tó kún fún bọ́tìnnì ní ọjà car boot kan tí kò jìnnà sí Lincoln níbí. Aránṣọ ni mí, bọ́tìnnì yẹn ni mo torí ẹ̀ rà á. Ìgbà tí mo dà á sórí tábìlì ni owó mẹ́ta já bọ́ láti inú àpòòwé kékeré kan. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹrù bàbá òun tó ti ṣaláìsí ni, òun ò tilẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Fọ́tò wọn nìyí, àmọ́ fóònù mi ò mú lẹ́tà ara wọn jáde dáadáa, ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣàpèjúwe wọn.

Àkọ́kọ́: ó fẹ̀ tó mìlímítà 22, òṣùwọ̀n ilé ìdáná mi ní gíráàmù 4 ni. Orí ọkùnrin kan tí kò ní irùngbọ̀n ló wà lójú rẹ̀, adé tó dé yọ ṣóńṣó ṣóńṣó sókè. Mo rí IMP, lẹ́yìn ìyẹn ó pa rẹ́, mo tún wá rí NVS PIVS, ohun kan tí mi ò lè kà, àti AVG. Ní ẹ̀yìn, ẹnì kan wà ní ìdúró, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbé nǹkan róbótó sí ọwọ́ òsì. TERN nìkan ni mo rí kà níbẹ̀.

Ìkejì: ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ti jẹ gan-an. Ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀ púpọ̀ ló wà lójú kan. Ọ̀pá mẹ́ta ló wà lójú kejì, ẹyẹ bà lé èyí tó wà láàárín. Kò sí orí ẹnikẹ́ni lára ẹ̀ rárá.

Ìkẹta: ó fẹ́lẹ́, gíráàmù 1 ni òṣùwọ̀n kà, etí rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, àfi bíi pé wọ́n fi àlùmọ́gàjí rẹ́ ẹ. Ẹni tó wà lára ẹ̀ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rí. N VALEN ni mo rí. Ní ẹ̀yìn, ẹnì kan jókòó, TRPS wà nísàlẹ̀.

Gbogbo wọn ti dúdú. Ta ló ni orí wọ̀nyí? Ṣé ojúlówó ni wọ́n? Ṣé kí n fọ̀ wọ́n kí n tó tún ya fọ́tò míì? Ẹ ṣé o.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ kú oríire. Èyí àkọ́kọ́ ò le rárá. Antoninus Pius ni, ẹni tó jọba Róòmù láti 138 sí 161. Wọn kì í kọ U sára owó nígbà náà, V ni wọ́n ń lò, torí náà NVS yẹn ni ìparí ANTONINVS, PIVS sì tẹ̀ lé e. Denarius ni wọ́n ń pe owó yẹn. Ìkẹta á jẹ́ ti Valentinian. Ìkejì ò yé mi, bóyá ti Gíríìkì ni.

Ìyá Ìbejì Peckham

Àbúrò mi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú! Bí ìyá ìyá mi ṣe ń fọ gbogbo ide àti fàdákà ilé nìyẹn ní Ọ̀fà, tí wọ́n á máa dán yinrin. Ẹ la ọsàn náà sí méjì, ẹ fi ra á, ẹ fi kànrìnkàn gbo ó. Gbogbo lẹ́tà tó sá pamọ́ á jáde wá.

Bàbá Kọ́ìnì, Leeds

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn wà lórí ẹja tí ẹ fẹ́ din. Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n àwo ide inú ilé àti owó tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ọdún kì í ṣe ẹgbẹ́. Bàbà wà nínú fàdákà àwọn ará Róòmù. Omi kíkan á bá bàbà yẹn jà, eérú á ha ojú owó, lẹ́tà díẹ̀ tó ṣẹ́ kù á sì bá a lọ. Àwọ̀ dúdú yẹn gan-an ni àwa tó ń kó owó jọ ń fẹ́. Owó tí wọ́n bó lára títí tó fi ń dán, ìdajì iye rẹ̀ ti lọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá gan mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi distilled, ẹ fi aṣọ rírọ̀ gbé omi ara ẹ̀ kúrò, ẹ má nù ún. Ó tán.

Ọmọ Olúyọ̀lé, orúkọ lo sáré kà, adé ló sì yẹ kí o kọ́kọ́ wò. Bí ọba bá fi ewé dé orí, tí owó fàdákà náà fẹ̀ ní mìlímítà 17 sí 20, denarius ló sábà máa ń jẹ́. Owó yẹn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 211 ṣáájú ìbí Jésù, ó wúwo tó gíráàmù 4.5 nígbà náà. Ìgbà tó fi di ayé Nero, ní ọdún 64, ọba yẹn dín in kù sí nǹkan bíi 3.4, ó tún dín fàdákà inú ẹ̀ kù. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń dín in lọ bẹ́ẹ̀, títí Septimius Severus fi mú un wá sí nǹkan bí ìdajì.

Adé onítànṣán lórí fàdákà, ọdún 215 ló jáde, Caracalla ló gbé e wá. Antoninianus là ń pè é. Bó bá jẹ́ ayaba ló wà lára ẹ̀, kì í dé adé yẹn, oṣù lẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń yà sábẹ́ èjìká rẹ̀. Antoninus Pius kú ní 161. Báwo ló ṣe máa wá dé adé onítànṣán lórí fàdákà? Ó dé e lórí owó ide wọn tó ń jẹ́ dupondius, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ide nìyẹn. Irùngbọ̀n sì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin yẹn lára owó rẹ̀. Ti Àdùnní ò ní irùngbọ̀n. Mìlímítà 22 àti gíráàmù 4 náà tún gbe ohun tí mò ń sọ lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Mo gbọ́ ti adé, sà. Ṣùgbọ́n Antoninus kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Caracalla tí ẹ dárúkọ yẹn, ANTONINVS PIVS AVG GERM ló ń kọ sára owó tirẹ̀. Elagabalus náà kọ IMP ANTONINVS PIVS AVG. Ọ̀dọ́langba sì ni Elagabalus, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó gorí oyè ní 218, irùngbọ̀n wo ló fẹ́ ní? IMP wà lára ti ẹ̀gbọ́n, NVS PIVS wà níbẹ̀, adé wà níbẹ̀. Mi ò tíì rí ìdí tí ẹ fi fẹ́ gba ANTONINVS lọ́wọ́ mi.

Bàbá Kọ́ìnì, Leeds

Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀. Elagabalus tó o mú wá yẹn bá ojú yẹn mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àdùnní, ìwọ lo máa là wá níjà. Lẹ́tà wo ló ṣáájú NVS? Bí I bá ni, tí N tún ṣáájú ìyẹn, ANTONINVS ni, Ọmọ Olúyọ̀lé jàre. Bí A bá ni, ẹlòmíì ni. Pa iná yàrá, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí o gbé e sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ owó náà kí ìmọ́lẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá ní ìbú. Má tàn án láti òkè. Máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀, òjìji á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tí ojú lásán ò rí. Bákan náà, ka ohun tó wà láàárín PIVS àti AVG fún wa. Tó o bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, wo iye G tó parí ọ̀rọ̀ náà: AVG túmọ̀ sí pé ọba kan ló wà lórí oyè, AVGG jẹ́ méjì, AVGGG jẹ́ mẹ́ta.

Àdùnní Lincoln

Yéè, ẹ wo bí iná ṣe ń tú àṣírí! A ni o, ó dá mi lójú. I tún wà ṣáájú A náà, IANVS ni mo rí báyìí. FEL ló wà láàárín PIVS àti AVG. Ní ẹ̀yìn, TERNITATI AV, ó jọ pé G ẹyọ kan ló parí ẹ̀. Fọ́tò tuntun nìyí.

Tọpẹ́ Norwich

Gordian III. Ọ̀rọ̀ ti tán lórí ìyẹn: IMP GORDIANVS PIVS FEL AVG. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni AETERNITATI AVG. Ẹni tó na ọwọ́ sókè yẹn ni Sol, òrìṣà oòrùn wọn, ayé ló gbé sọ́wọ́ òsì. Nǹkan bí 241 sí 243 ni wọ́n rọ irú èyí, ní Róòmù. Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n fi Gordian jọba ní 238, ó sì kú ní 244 níbi tí ogun Páṣíà gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi rí bí ojú ọmọ iléèwé. Ẹ fi lẹ́tà tí ẹ rí yẹn wá a lórí OCRE, ìkànnì àwọn American Numismatic Society. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè tẹ apá kan ọ̀rọ̀ síbẹ̀ láìmọ ìyókù, ó máa kó gbogbo irú ẹ̀ wá pẹ̀lú fọ́tò. Owó àwọn ọba nìkan ló wà lórí OCRE o. Ti ayé ṣáájú àwọn ọba wà lórí ẹnìkejì rẹ̀, CRRO.

CRRO yẹn ni ẹ máa lò fún ìkejì, torí ìkejì ló wù mí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe ti Gíríìkì. Mark Antony ló rọ ọ́ ní ọdún 32 sí 31 ṣáájú ìbí Jésù láti fi san owó àwọn ọmọ ogun rẹ̀, kí òun àti Octavian, alátakò rẹ̀, tó pàdé lójú ogun ní Actium. Ọkọ̀ ogun nìyẹn, ANT AVG wà lókè rẹ̀, III VIR R P C wà nísàlẹ̀. Ẹyẹ yẹn ni idì ẹgbẹ́ ọmọ ogun, àsíá ogun sì ni ọ̀pá méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì. LEG àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ idì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí i.

Adé Manchester

Tọpẹ́, dúró ná. Tí AVG bá wà lókè ọkọ̀ náà, ṣé kì í ṣe Késárì Augustus nìyẹn? AVG kan náà tó wà lára ti Gordian ni.

Tọpẹ́ Norwich

Rárá o. Ọdún 27 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fi oyè Augustus jẹ Octavian, owó yìí ti wà nílẹ̀ ṣáájú. AVG ti Antony dúró fún augur, oyè àwọn àwòrò wọn tó máa ń wo ìṣe ẹyẹ kí wọ́n tó mọ ohun tí àwọn òrìṣà ń sọ. III VIR R P C ni ipò ìjọba tó ń pín pẹ̀lú àwọn méjì yòókù. Ìkúrú ọ̀rọ̀ kan náà lè wà lára owó méjì kó má jẹ́ ohun kan náà. Ìgbà tí wọ́n rọ owó ló ń sọ ohun tí lẹ́tà túmọ̀ sí.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Èkó

Ẹ kú ìjíròrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí dára, àmọ́ ẹ ò tíì mọ̀ bóyá fàdákà ni. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a máa ń fi fáìlì pa etí rẹ̀ díẹ̀, a ó ha á mọ́ òkúta dúdú, a ó wá kán ásíìdì sí i. Ìṣẹ́jú kan péré. Bí ẹ ò bá fẹ́ fi fáìlì kàn án, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, kí ẹ tún fi òwú so ó rọ̀ sínú omi, kí ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì pín ìwọ̀n gbígbẹ. Fàdákà gidi á fún yín ní 10.5, bàbà á fún yín ní nǹkan bíi 9. Ohunkóhun tó bá wà láàárín, wọ́n ti pò ó pọ̀, ayédèrú ni. Mágínẹ́ẹ̀tì náà ò gbọdọ̀ fà á.

Bàbá Kọ́ìnì, Leeds

Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ yín ni ẹ mọ̀ un, ṣùgbọ́n fáìlì yẹn, ká má dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi fáìlì kan owó yìí ti pa á.

Ti omi yẹn mọ́gbọ́n dání, kò ba owó jẹ́. Ìdájọ́ tí ẹ gbé kalẹ̀ ni mi ò gbà. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn ló pò ó pọ̀! Fàdákà inú antoninianus Gordian ò tó ìdajì. Ojúlówó rẹ̀ á fún yín ní nǹkan bíi 9.6, àárín gbùngbùn tí ẹ pè ní ayédèrú. Ti Antony náà, bàbà inú rẹ̀ ju ti àwọn denarius ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí tó fi jẹ bẹ́ẹ̀ nìyẹn: àwọn èèyàn ń tọ́jú denarius tó dára pamọ́, èyí ni wọ́n ń ná, ó sì wà lójú ọjà fún ohun tó lé ní igba ọdún. Tí ẹ bá wá dé ayé ọba Gallienus, lẹ́yìn 260, antoninianus ti di bàbà tí wọ́n kàn fi fàdákà pa lójú. Mágínẹ́ẹ̀tì, bó bá fà á, ẹ dà á nù. Bí kò bá fà á, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín, torí kì í fa bàbà, kì í fa òjé.

Ohun tí èmi ń wò rèé. Etí owó ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ayédèrú tí wọ́n dà nínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ìlà kan tó yí etí rẹ̀ ká níbi tí ìdajì méjì ti pàdé, tàbí kí wọ́n fi fáìlì pa ìlà náà rẹ́. Ojú rẹ̀ máa ń ní ihò wínníwínní ibi tí afẹ́fẹ́ há sí. Lẹ́tà rẹ̀ á rọ̀, kò ní ní etí mímú. Òǹtẹ̀ àti òòlù ni àwọn ará Róòmù fi ń tẹ owó, lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà orí ọba lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí lè ya. Kò sí méjì tó rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Bí ẹ bá rí owó méjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí yíyà etí wọn wà níbì kan náà, tí orí wọn yẹ̀ sí ibì kan náà, ẹ sá. Ẹ tún wò ó bóyá WRL tàbí COPY wà lára ẹ̀ níbì kan. Èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ iléèwé ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ilé àkójọ ohun àtijọ́ nìyẹn.

Ayédèrú àtijọ́ náà wà, tí àwọn oníjìbìtì ayé Róòmù fi ewé fàdákà bo bàbà. Ibi tó bá ti jẹ, ẹ máa rí pupa tàbí àwọ̀ ewé tó ń yọ lábẹ́ fàdákà. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìbànújẹ́, èèyàn ń rà á, mo ní i nílé. Àdùnní, fọ́tò rẹ tuntun ò fi irú ẹ̀ hàn mí.

Ra òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù. Ti ilé ìdáná ò lè ya 3.6 sọ́tọ̀ kúrò lára 4.4.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà, Èkó

Mo gbọ́ ti 9.6, ó yé mi. Àmọ́ nígbà náà, ìwọ̀n inú omi ò lè ya ojúlówó Gordian yín sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú òde òní tí ẹni tó mọ iṣẹ́ pò pọ̀ dáadáa. Òkúta àti ásíìdì mi náà ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá Kọ́ìnì, Leeds

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ojú ló ń yà á, irin kì í yà á.

Pásítọ̀ Dáre

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ dákun. Ṣé èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí ni irú owó tí wọ́n fi han Olúwa wa nínú Mátíù 22, níbi tó ti béèrè pé àwòrán ta ni èyí? Ẹnì kan ń fi irú ẹ̀ lọ àwọn ọmọ ìjọ wa níbí ní Houston.

Ọmọ Ìgbómìnà, York

Kò sí i nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Pásítọ̀. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè bẹ́ẹ̀ ni denarius Tiberius, torí pé òun ló wà lórí oyè láti 14 sí 37. TI CAESAR DIVI AVG F AVGVSTVS ló yí orí rẹ̀ ká, ewé ló fi dé orí. Lẹ́yìn, obìnrin kan jókòó, ó mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ kan àti ẹ̀ka igi lọ́wọ́ kejì, PONTIF MAXIM ni wọ́n kọ sí i. Bíbélì kàn sọ pé ti Késárì ni, kò sọ Késárì wo. Ohun kan wà tó dájú níbẹ̀: nítorí pé àwa onígbàgbọ́ ń wá a, owó orí rẹ̀ ga ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà ìjọ. Lọ́dọ̀ oníṣòwò tó lè kọ ìwé ìdánilójú, tó sì máa gbà á padà, ni kí wọ́n lọ.

Mo fẹ́ bá wọn dá sí ìkẹta. Ọmọ Olúyọ̀lé pè é ní Valentinian. Àdùnní, ṣé VALEN yẹn dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì orí rẹ̀, tí àlàfo wà, kí S tàbí T tó wà lápá ọ̀tún? Lára ọ̀pọ̀ owó Valens, D N VALEN ló wà lápá kan orí, S P F AVG wà lápá kejì. Ti Valentinian gùn, VALENTINI ni wọ́n sábà máa ń kọ kí orí tó pín in. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, 364 ni àwọn méjèèjì jọba, Valens kú lójú ogun Adrianople ní 378.

TR tó wà nísàlẹ̀ ni Trier, ní Jámánì òde òní, ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́. PS ń sọ pé fàdákà tí wọ́n ti yọ́ mọ́ ni. Ẹ wo bí ayé ṣe yí padà: láti ara bàbà tí wọ́n kùn lójú ní ayé Gallienus, fàdákà gidi tún padà wá lábẹ́ ọba Diocletian ní nǹkan bí 294. Siliqua là ń pe tìrẹ yìí. Ẹni tó jókòó ni Roma, ìlú wọn tí wọ́n yà bí obìnrin, VRBS ROMA ló sì yẹ kó yí i ká.

Wọ́n rẹ́ etí rẹ̀ lóòótọ́, ojú rẹ ò tàn ọ́. Siliqua tó pé máa ń tó gíráàmù 2. Ní Britain níbí, nígbà tí owó tuntun ò dé mọ́ láti Róòmù lẹ́yìn nǹkan bí 402, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ etí fàdákà, wọ́n sì sábà máa ń fi orí ọba sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Àwọn owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Hoxne, ní Suffolk, tí ọkùnrin kan tó ń wá òòlù tó sọ nù rí ní 1992, fàdákà ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, wọ́n sì ti rẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. British Museum ló wà. Nítorí náà rírẹ́ yẹn ò bà á jẹ́ lójú mi, òun ló ń sọ pé Britain ló gbé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́: ìgbàkígbà tí mo bá rí owó Septimius Severus tí Bàbá dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, inú mi máa ń dùn. Ọmọ Leptis Magna ní Líbíà ni, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, York níbí ló sì kú sí ní 211. Ẹ máa lajú sílẹ̀ fún SEVERVS PIVS AVG. Ẹ tún rí PIVS níbẹ̀.

Àdùnní Lincoln

VALEN wà lápá òsì, lẹ́yìn ìyẹn orí, mo sì rí S tí wọ́n ti gé òkè rẹ̀ lọ. Valens nìyẹn! Ẹ ṣeun ṣeun. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé òfin kankan dè mí? Ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta sì ti ní kí n fi ti ọlọ́kọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí òun.

Ṣẹ́gun Kent

Òfin wà o! Treasure Act 1996. Owó fàdákà méjì tó ti lé ní 300 ọdún, ìṣúra ni wọ́n kà á sí, ọjọ́ 14 péré lẹ ní láti fi tó coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìṣúra, létí. Ẹ̀wọ̀n wà ńbẹ̀. Ẹ yára.

Tọpẹ́ Norwich

Ṣẹ́gun, má dẹ́rù bà wọ́n. Méjì tó wá láti inú àwárí kan náà ni òfin sọ, ẹni tó wú u jáde ló sì ń bá wí. Ẹ̀gbọ́n Àdùnní ò wú nǹkan kan, ọjà ni wọ́n ti rà á, owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jìnnà síra wọn tó irinwó ọdún. Ó jọ ohun tí ẹni tó ń kó owó jọ kó sínú àpòòwé. Síbẹ̀, bí ẹ bá tún rí ẹni tó tà á, ẹ béèrè bóyá bàbá rẹ̀ máa ń lo detector, ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀, àti ilẹ̀ ta ni. Bó bá ní ihò kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn.

Finds Liaison Officer wà fún Lincolnshire, Portable Antiquities Scheme, ètò tó ń kọ ohun àtijọ́ tí aráàlú bá rí sílẹ̀, ló ń rán wọn. Wọ́n lè bá yín wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ibi tí nǹkan ti jáde ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, tiyín ò sì ní ibi, kí ẹ má retí pé yóò wọ inú àkọsílẹ̀ wọn. Wọn kì í sọ iye tí yóò tà. Mo lè sọ ọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́: kò ní sọ yín di olówó, Gordian lèyí tó wọ́pọ̀ jù.

Làmídì Glasgow

Ti Scotland yàtọ̀ o. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹyọ kan péré tí o bá wú jáde, o gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí, ti Crown, ìyẹn ìjọba, ni. Kí ẹni tó ń ka èyí ní Edinburgh má lọ tẹ̀ lé òfin Lincoln.

Ọmọ Ìgbómìnà, York

Ti Abẹ́òkúta, ẹ fara balẹ̀. Ohun àtijọ́ tí wọ́n wú láti inú ilẹ̀ UK, kì í jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ, bó ti wù kí owó orí rẹ̀ kéré tó. Ẹ ò mọ ibi tí ọlọ́kọ̀ yẹn ti jáde, ẹ kọ̀wé sí Arts Council, àwọn tó ń fún ni ní ìwé àṣẹ yẹn, kí ẹ tó fi sínú àpòòwé. Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì Peckham

Mo ti gbé ọsàn mi padà o. Ṣé inú ọ̀rá ṣìnkìn ni kó kó wọn sí?

Bàbá Kọ́ìnì, Leeds

Ẹ kú sùúrù, ìyá wa. Ọ̀rá PVC kọ́ o, ó máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé tó ń jẹ owó. Àpòòwé ìwé tí kò ní ásíìdì, tàbí kéèsì tí wọ́n kọ Mylar sí. Kí Àdùnní kọ orúkọ ọjà náà, ọjọ́ tó rà á àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí rẹ̀. Àdùnní, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn ńkọ́? LEG II wà, ó lọ títí dé LEG XXIII, àwọn kan nínú wọn wọ́n gan-an ju àwọn yòókù lọ.

Àdùnní Lincoln

LEG hàn lápá òsì idì. Lápá ọ̀tún, mo rí X kan, lẹ́yìn rẹ̀ nǹkan kan tó dà bí V tàbí apá kan X míì, lẹ́yìn náà ó ti jẹ tán. Mo ti yà á lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú iná láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wò ó.

Ọmọ Olúyọ̀lé

XV ni mo rí.

Tọpẹ́ Norwich

Fọ́tò kẹta, ìlà kan tún wà lẹ́yìn V yẹn, XVI tàbí XVII. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa gbé iná náà wá láti ìsàlẹ̀ owó, kí ẹ tún un yà.